Òkúta Dúdú Kì í Kẹ̀yìn sí Àwọn Àbúrò Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ lọ kọ́ṣẹ́ òkúta, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi gbólóhùn kan dáhùn. Ìyá Olókùúta ni wọ́n ń pè mí ní Erinje níbi tí mo ti ń sinmi báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó gba yàrá lẹ́yìnkùlé wa ló ní dandan ni kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ẹ sọ bí ẹ ṣe ríṣẹ́, ẹ sọ iye tí wọ́n ń san, kí ẹ wá sọ bó ṣe parí." Mo ní ọmọ yìí ti fẹ́ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ kí ata tó jinná. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn, owó tí wọ́n ń san kò tó pìtàn. Ohun tó wà láàárín ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wí pé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí kì í ṣe ilẹ̀ òkúta. Iyanrìn ni, ilẹ̀ pupa ni, ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ ló mọ̀ ọ́n hù. Òkúta kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní kékeré ni ọlọ tí ìyá mi fi ń lọ ata, òun náà sì rèé, ọjà Òkìtìpupa ni wọ́n ti rà á wálé. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi nígbà náà pé òkúta ni màá fi ọwọ́ mi méjèèjì gbé títí n ó fi darúgbó, màá ní kí wọ́n lọ gbàdúrà fún un.

Ọkọ ló mú mi dé ìdí rẹ̀. Akin jẹ́ ọmọ Òde-Ìrèlè, ọkùnrin gíga tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ó ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Èkìtì, lápá Ìjerò, láti lọ ṣe lébìrà, ibẹ̀ ló sì ti di awakùsà. Nígbà tó wá tọrọ mi, ìyá mi bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìyá mi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wa. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé ni. Akin ní òun ń wọ inú ilẹ̀ lọ wa òkúta iyebíye.

Ìyá mi wò ó títí. Ó ní, "Ọma mi, òkú nìkan ni mo mọ̀ tó ń wọ ilẹ̀."

Akin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyé, mo máa ń jáde ní gbogbo ìrọ̀lẹ́."

"Mo gbọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó o bá jáde, ó dára. Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀rù."

Ó gbàdúrà fún wa, ó fi omi àdúrà wọ́n wa lórí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé nígbà tí mo bí Bọ́lá, àkọ́bí wa, tí mo sì já a lẹ́nu ọmú, mo gbé e fún ìyá mi, mo tọ ọkọ mi lọ sí ilẹ̀ Èkìtì. Kì í ṣe iṣẹ́ ni mo bá lọ. Mo fẹ́ wà nítòsí ibi tó ti ń wọlẹ̀, kí n máa fi ojú ara mi rí i nígbà tó bá ń jáde.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Yèyé, olórí àwọn obìnrin tó ń ṣa òkúta. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí: ọkùnrin kan á sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, ẹnìkan á dúró lẹ́nu kòtò tí á máa fi okùn fa agbọ̀n sókè, ohun tó bá sì wà nínú agbọ̀n náà á bọ́ sọ́wọ́ obìnrin kan tí á fọ̀ ọ́, tí á ya èyí tó dára sọ́tọ̀. Àwọn obìnrin náà ní kí n wá fi ọwọ́ mi kún tiwọn, bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Yèyé ti wà nídìí rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Obìnrin kúkúrú ni, ojú rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n bí ó bá fi wò ọ́, wàá yára wo ara rẹ bóyá o rántí wọ aṣọ. Èdè Èkìtì ẹnu rẹ̀ kì í tètè yé mi. Òun náà ní Ìkálẹ̀ tèmi dà bí ìgbà tí ènìyàn fi púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, há ẹnu sọ̀rọ̀. Ó tún máa ń bínú pé mò ń pe ọkọ mi ní "ìwọ". Mo ní bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa, kò sì sí ọkọ tó tíì tìtorí rẹ̀ kú.

Mo rò pé wọn á kọ́kọ́ fi òkúta pupa hàn mí, tàbí èyí tó ní àwọ̀ ewé, àwọn tí mo ti gbọ́ òkìkí wọn. Yèyé da agbọ̀n òkúta dúdú kan síwájú mi, dúdú bí èédú.

"Ṣa èyí."

"Yèyé, kí ni kí n ṣà nínú ẹ̀? Gbogbo rẹ̀ ló dúdú."

"Ìgbà tó o bá mọ ohun tí wàá ṣà nínú ẹ̀, wá pè mí."

Odindi àsìkò òjò kan, dúdú ni mo ń ṣà. Ìka mi bó, ẹ̀yìn ń ro mí, omi tútù ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí tèmi gbóná dé ibi pé mo ń ráhùn sí Akin létí lójoojúmọ́. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín ni: "Ṣebí ìwọ lo ní o fẹ́ máa ṣọ́ mi."

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú mi là. Yèyé kì í ṣàlàyé, ìbéèrè ló ń bi ènìyàn títí ènìyàn á fi bá ìdáhùn pàdé fúnra rẹ̀. Mo wá rí i pé ohun tí mo pè ní dúdú kan ṣoṣo, ilé ọlọ́pọ̀ àlejò ni. Èyí tó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ewé ìwé kì í ṣe ọmọ ilé, wọ́n kàn jọ ń gbé inú ilẹ̀ kan náà ni. Èyí tó wúwo gan-an tó sì ń fi ìpẹtà pupa sí ènìyàn lọ́wọ́, irin ni. Ọmọ ilé gan-an máa ń gùn bí ìka. Ara rẹ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́ láti orí dé ìdí, bí irun tí wọ́n fi òòyà yà. Bí ó bá kán, ojú ibi tó ti kán máa ń ní igun mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wú díẹ̀, kò ní tẹ́jú. Yèyé tún ní kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná títí yóò fi móoru, kí n wá fi sún mọ́ eérú. Eérú fò mọ́ ọn lára! Mo pe orúkọ Jésù, mo ju òkúta náà nù. Yèyé rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn.

Tọmalíìnì ni àwọn oníṣòwò tó ń wá láti Ìbàdàn ń pè é. Èmi rò pé àwọn aláwọ̀ mèremère nìkan ló ń jẹ́ orúkọ náà. Yèyé ní irọ́ ni, ìdílé kan ni gbogbo wọn. Dúdú yìí, irin ló pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí irin náà bá kéré, ó lè mú àwọ̀ ewé. Òmíràn á pupa fẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn á dà bí aró, òmíràn bí ilẹ̀ oko. Ọ̀kan wà tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tí inú rẹ̀ sì pupa, bí wọtamẹ́lọ̀nù tí wọ́n fi ọ̀bẹ là. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Kó o tó pe òkúta kan ní dúdú pàápàá, o gbọ́dọ̀ gbé etí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ jù sókè sí oòrùn, nítorí àwọn mìíràn wà tó jẹ́ àwọ̀ ewé ni wọ́n, wọ́n kàn jinlẹ̀ jù ni.

"Dúdú ni àkọ́bí," Yèyé máa ń wí. "Òun ló ń kọ́kọ́ dé, òun ló ń fara ti ògiri. Àwọn àbúrò rẹ̀ á wà nínú yàrá."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú ilẹ̀. Òkúta dúdú á tò sí ara ògiri bí eyín. Ìdí rẹ̀ tó tín-ín-rín á lẹ̀ mọ́ ògiri, orí rẹ̀ tó fẹ̀ á sì kọjú sí inú, síbi tí òkúta funfun àti òkúta oníìpẹ́ aláwọ̀ elése àlùkò wà, níbi tí àwọn aláwọ̀ mèremère ń fara pamọ́ sí. Yèyé ní, "Òkúta dúdú kì í kẹ̀yìn sí àwọn àbúrò rẹ̀." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní àdúrà.

Òfin rẹ̀ kan wà tí gbogbo ènìyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Níbi iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, òkìtì ni wọ́n ń da gbogbo ohun tó bá jáde sí. Yèyé kò gbà. Agbọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá gòkè gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ nílẹ̀, títí kan dúdú tí ẹnikẹ́ni kò ní rà, agbọ̀n tó tẹ̀lé e á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀ títí ẹni tó wà nínú kòtò á fi jáde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dà wọ́n pọ̀ nítorí òjò, ó ní kí n máa bá àwọn aládùúrà mi gbàdúrà pé kí òkúta náà padà sí ipò rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "A kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lẹ́nu." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni mo ń ṣa ti Akin. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ránṣẹ́ ìfẹ́ síra yín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín: agbọ̀n ni ọkọ mi fi ń ránṣẹ́ sí mi. Bí inú bá ń bí i, òkúta rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, odindi ni wọ́n ń jáde. Mo mọ ìgbà tí ebi ń pa á. Mo mọ ìgbà tó fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ tó yà sí òsì, nítorí àwọ̀ ilẹ̀ tó bá òkúta jáde á yí padà. N kò rí i láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, síbẹ̀ n kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ nù.

Àsìkò òjò mìíràn ni ìjàǹbá náà dé. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, nígbà tó dá, àwọn ọkùnrin ní àwọn kò lè jókòó mọ́. Mo ní, "Akin, jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ ná." Ó ní oòrùn ti ràn. Ó fún mi ní ẹ̀rín rẹ̀ yẹn, ó wọlẹ̀.

Múfú ló ń fa okùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Akin pè é láti ìsàlẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá jẹun. Lẹ́yìn náà, ó tún mi okùn pé kó fa agbọ̀n kan sí i. Múfú fà á, ó gbé e fún mi, ó padà sẹ́nu kòtò. Mo ti ń da òkúta inú rẹ̀ sílẹ̀ láti fọ̀ ọ́ nígbà tí ilẹ̀ mí kanlẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn mí bí arúgbó tó jókòó, ẹnu kòtò sì dí.

Mi ò mọ ẹni tó ké. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi. Gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ti gbé ṣọ́bìrì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹnu kòtò. Ilẹ̀ tí wọ́n ń kó jáde ń ṣàn padà síbẹ̀.

Múfú ń sunkún, ó ń gbẹ́. "Ó ní òun ń bọ̀! Ìdí àkàsọ̀ ló wà! Ẹ gbẹ́ ibí!"

Bó bá jẹ́ ìdí àkàsọ̀ ló wà lóòótọ́, ó ti kú, gbogbo wa la mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ tí ìyá mi ń bẹ̀rù ti dé ní ọ̀sán gangan. Mo ṣubú sórí eékún níbi ìlà òkúta mi, ẹnu mi ń pe Jésù, ojú mi sì ń wo ilẹ̀ nítorí kò sí ibòmíràn tí mo lè wò.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Láàárọ̀, ilẹ̀ pupa àti òkúta funfun ni Akin ń rán jáde. Agbọ̀n tó tẹ̀lé e ní dúdú díẹ̀. Agbọ̀n ìkẹyìn tí n kò tíì fọ̀, ìpẹ́ elése àlùkò kún inú rẹ̀, àwọn dúdú tó sì wà níbẹ̀, orí nìkan ni gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan tó ní ìdí. Mo gbé ọ̀kan, mo gbé òmíràn. Orí, orí, orí. Ìdí wọn ti kù lára ògiri. Ẹni tó bá fọ́ wọn báyìí, inú yàrá ló dúró sí tó kọjú sí ògiri, kì í ṣe ìdí àkàsọ̀. Ọkọ mi ti fẹ́ máa bọ̀ lóòótọ́, ló bá rí ohun kan tó ń dán, ló bá yà padà. Ọkùnrin!

Mo pariwo pe Yèyé. Ó wá, ó lóṣòó, ó wo ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ojú rẹ̀ funfun bí eérú.

"Ìlà yìí, ó dá ọ lójú pé o kò dà á pọ̀?"

"N kò dà á pọ̀, Yèyé."

"Ògiri dúdú wà nínú kòtò àtijọ́ abẹ́ igi kaṣú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Akin," ó ní. "Ẹni tó gbẹ́ ẹ kàn án, ó ní dúdú lásán ni, ó fi í sílẹ̀. Lọ wo ibi tí orí wọn kọ sí."

N kò wọ ilẹ̀ rí láyé mi. Lọ́jọ́ náà mo wọ ọ́. Mo so ìró mi mọ́dìí, mo bá ara ògiri kòtò àtijọ́ náà sọ̀kalẹ̀, mo fi ìka wá òkúta dúdú nínú ẹrẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ ba ojú ọmọ nínú òkùnkùn. Àwọn tí ọwọ́ mi bà, ìdí wọn tó tín-ín-rín ló wà lọ́dọ̀ mi. Orí wọn ń lọ sínú, wọ́n ń fẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Yàrá wà lẹ́yìn ògiri yìí. Ọkọ mi wà lẹ́yìn ògiri yìí.

Mo fi ẹnu mi pè é títí ohùn mi fi já. N kò gbọ́ nǹkan kan. Múfú ti sọ̀kalẹ̀ tọ̀ mí wá pẹ̀lú dígà. Ó ní kí n gòkè. Mo ní n kò lọ síbì kankan. Ó rọra ń gbẹ́, èmi ń fi ọwọ́ kó o. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí bí a bá fi agbára ṣe é, ògiri náà lè wó lé e. Nígbà tó pẹ́, dígà lọ sínú, kò bá nǹkan kan. Atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ sí wa lójú.

Ohùn kan jáde láti inú ihò náà, ó kéré bí ti ọmọ aláìsàn. "Moji?"

"Èmi nìyí."

"Ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni? Ibí ṣókùnkùn."

"Kò tíì ṣú," mo ní. "Kò tíì ṣú rárá, Akin. Oòrùn ṣì wà níta."

Wọ́n gbé e jáde kí oòrùn tó wọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́ lójú méjì, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ títí di òní, ṣùgbọ́n ó ń mí. Nígbà tí ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ sí ọsibítù ń bọ̀, mo wẹ̀yìn, mo rí Yèyé tó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà òkúta mi, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo lọ dì mọ́ ọn. Ó ní, "Nígbà tí ilẹ̀ wó lé ọkọ tèmi, òkìtì ni mo ti da òkúta rẹ̀ sí. A kò mọ ibi tí a máa gbẹ́." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé gbogbo líle tó ń le mọ́ wa, ọ̀fọ̀ ni. Mo fẹ́ràn obìnrin náà láti ọjọ́ yẹn bí mo ṣe fẹ́ràn ìyá tó bí mi.

Ẹ máa rò pé ìtàn náà parí síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin kì í jẹ́ kí ìtàn tètè parí. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná, tó ń tiro, Akin ní òun ń padà sínú kòtò. Ó ní kí ni ọkùnrin tí kò wọlẹ̀ fẹ́ máa ṣe ní ibi kùsà. N kò bá a jà. Mo ní, "Ó dára. Ọjọ́ tó o bá wọlẹ̀, èmi náà á wọlẹ̀, kí Bọ́lá mọ̀ pé ibì kan náà ni àwọn òbí rẹ̀ wà." Ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ wọlẹ̀, ó bá mi lẹ́nu kòtò pẹ̀lú ìró tí mo so mọ́dìí.

A dúró bẹ́ẹ̀, a ń wo ara wa. Yèyé ló yanjú rẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó kan wá, ó fi lélẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, ó ní, "Akin, jókòó. Dúdú ni wàá kọ́kọ́ ṣà. Ìyàwó rẹ ni ọ̀gá rẹ."

Áà, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́! Àwọn awakùsà ń pè é ní Ìyá Akin. Ó jókòó. Ohun tó mú un jókòó, n kò bi í, kò sì sọ. Kò mọ òkúta ṣà rárá, ẹni tó ti ń wà á láti ọjọ́ pípẹ́. Á gbé òkúta pẹlẹbẹ sókè, á ní tọmalíìnì ni. Mo le mọ́ ọn bí Yèyé ṣe le mọ́ mi. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé òkúta kan sí oòrùn tó rí àwọ̀ ewé létí rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń tiro kiri fi han gbogbo àwọn tó ń pè é ní Ìyá Akin. Láti ìgbà yẹn ló ti ń pè mí ní Ọ̀gá mi.

Lẹ́yìn náà, ó lọ sí Ìbàdàn, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ òkúta kó lè dán. A ra ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan tí à ń fi ẹsẹ̀ yí. Èmi ni mò ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí yóò lọ lára òkúta, òun ni ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Òkúta yìí ní ọgbọ́n inú: bó o bá wo àwọn kan láti orí, wọ́n dúdú ṣú, bó o bá yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọ̀ ewé wọn á jáde kedere. Ẹni tí kò bá mọ̀ á gé e ní òdì, á sọ àwọ̀ ewé di dúdú títí láé. A jọ kọ́ ọ ni, a jọ ba àwọn kan jẹ́.

Yèyé kú sọ́wọ́ wa, wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ti gbó. Nígbà yẹn, iṣẹ́ ti ń yí padà. Ẹ̀rọ oníná dé, páǹpù tó ń fa omi kòtò dé, ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta gbùùgbùù dé. Àwọn ọ̀dọ́ kò gbé òkúta sí oòrùn mọ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n ń tàn sí i, wọ́n sì ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó gbẹ. N kò bá wọn jà, tọ́ọ̀ṣì dára. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé dúdú tí wọ́n ti ń fi dí kòtò nígbà tiwa, àwọn ènìyàn ìlú òkèèrè ń wá a báyìí fún ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ní ó ń lé ibi sá. Ibi wo ló ń lé, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó júwe ọ̀nà fún mi lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ, ẹ lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ olè, kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú. Ẹ má wọ kòtò tí wọn kò fi igi gbé ògiri rẹ̀ dúró, ẹ má sì wọ èyíkéyìí tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bí ọ̀gá yín bá ní dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣà, ẹ má ráhùn bíi tèmi. Kí ẹ sì rí i pé ẹnìkan wà lókè tó mọ ohun tí ẹ ń rán jáde.

Àwa ti padà sílé báyìí. Eruku òkúta kò bá àyà Akin mu mọ́, oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan ló ń ro. Ní ìjẹta, ó lọ sóko, ó ní òun á dé kí n tó gbé omi púpurú kaná. Omi hó, n kò rí i. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo wọ bàtà, mo gba ọ̀nà oko. Kò pẹ́ tí mo fi rí i lókèèrè, tó ń tiro bọ̀ pẹ̀lú ìdì igi lórí.

"Ọ̀gá mi, kí ló dé? O rò pé ilẹ̀ ti gbé mi ni?"

"Ilẹ̀ wo? Igi ìdáná ló tán nílé, mo wá gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Igi ìdáná kún ẹ̀yìn ilé wa fọ́fọ́, òun fúnra rẹ̀ ló tò ó síbẹ̀. Ó sọ ìdì igi náà kalẹ̀, ó tú u, ó pín in sí méjì, ó sì gbé èyí tó fúyẹ́ lé mi lórí.